Páàdì géèmù tó bá ọwọ́ mu: kí ló yẹ kí ó ní?

Nínú àròkọ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò kan tó wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Houston, láti Alief títí dé Katy àti Missouri City. Páàdì géèmù ni. Òun ni à ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú nígbà tí a bá fẹ́ darí ẹni tó ń sáré, ọkọ̀ tó ń lọ tàbí bọ́ọ̀lù tó ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ tí a bí ní Amẹ́ríkà sábà máa ń pè é ní "controller". Ní Èkó àti Ìbàdàn, "pad" ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Orúkọ ti Nàìjíríà yìí ni a ó lò, a ó sì kọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń pè é: páàdì.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló ń sọ páàdì di èyí tó dára? Ìbéèrè náà lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé. Ọmọ tí páàdì tóbi jù fún ọwọ́ rẹ̀ máa ń rò pé òun kò mọ géèmù gbá ni. Àgbàlagbà tí oríkèé ìka ń dùn máa ń dìde kúrò lórí àga, á ní, "Ẹ máa bá tiyín lọ, ẹ̀yin ọmọdé." Báyìí ni ohun tó yẹ kó kó ọmọ àti ìyá àgbà jọ ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó di páàdì mú kò ní ẹ̀bi kankan. Páàdì ni kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

Ọwọ́ ni òṣùwọ̀n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Pẹpẹ ni ibi gíga tí à ń gbé nǹkan lé. Kèrègbè ni agbè tí ọrùn rẹ̀ tóóró. A máa ń pa òwe yìí láti fi hàn pé ọmọdé àti àgbà nílò ara wọn. Ẹ tún wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ó sọ òtítọ́ kan nípa ọwọ́ fúnra rẹ̀: ibi tí ọwọ́ kan wọ̀, òmíràn lè má wọ̀ ọ́.

Ilé iṣẹ́ Microsoft kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lójú gbogbo ayé. Ní ọdún 2001, wọ́n gbé Xbox àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Páàdì rẹ̀ tóbi débi pé àwọn ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Duke" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Xbox fẹ́ wọ Jàpáánì ní 2002, wọ́n ṣe páàdì tó kéré sí i fún àwọn ará ibẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà fi ní èyí tó kéré ni àwọn fẹ́, òun ni wọ́n sì ń tà pọ̀ mọ́ Xbox lẹ́yìn náà.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá páàdì bá ọwọ́ yín mu? Ẹ wo ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Àtàǹpàkò méjèèjì ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè dé orí gbogbo bọ́tìnnì tó wà lójú páàdì láìjẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ kúrò ní ibi tó wà. Bí ẹ bá ní láti ṣí ọwọ́ kí àtàǹpàkò tó dé ibì kan, páàdì náà tóbi jù fún yín.

Ìka ìfábẹ̀lá, ìyẹn ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ló ń tẹ àwọn bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ lè sinmi lórí wọn láìná tàn.

Ìka àárín, ìka òrùka àti ọmọńdinrín kì í tẹ bọ́tìnnì lórí ọ̀pọ̀ páàdì. Àwọn ni wọ́n ń gbé ẹrù. Bí páàdì bá wúwo, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn wọn ni ọrùn ọwọ́. Páàdì PlayStation 4 wọn bíi 210 gíráàmù; ti PlayStation 5 wọn bíi 280. Ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọrùn ọwọ́ ọmọ ọdún méje á ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí páàdì ti bẹ̀rẹ̀

Kí páàdì tó dà bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti jìyà. Ní ọdún 1958, ní ilé ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York, William Higinbotham ṣe géèmù tẹ́níìsì kan fún àwọn àlejò. Àpótí kékeré ni ẹni kọ̀ọ̀kan di mú, pẹ̀lú kóró kan tí wọ́n ń yí àti bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń tẹ̀.

Ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ kan ní yunifásítì MIT ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní Spacewar! lórí kọ̀ǹpútà ńlá. Lára kọ̀ǹpútà náà gan-an ni àwọn ohun tí wọ́n ń tẹ̀ wà. Wọ́n ní láti fi ìgbọ̀nwọ́ ti orí tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ wọn sì ń dùn wọ́n. Alan Kotok àti Bob Saunders bá wá igi àti wáyà, wọ́n ṣe àpótí tí ènìyàn lè gbé sọ́wọ́. Ìrora ìgbọ̀nwọ́ ló bí páàdì yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1976, ẹ̀rọ géèmù Fairchild Channel F jáde. Ọmọ Adúláwọ̀ ni Jerry Lawson tó darí àwọn ẹlẹ́rọ tó ṣe é. Brooklyn ni wọ́n ti bí i ní 1940. Òun ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń lo káàtíríìjì géèmù oníkọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè yọ kí ó sì fi òmíràn sí i. Ohun ìdìmú rẹ̀ náà yàtọ̀: orí rẹ̀ ṣeé tì síwájú, ṣeé fà sẹ́yìn, ṣeé gbé sí òsì àti ọ̀tún, ó ṣeé yí bí ìdérí ìgò, ó sì ṣeé tẹ̀ sísàlẹ̀ tàbí fà sókè. Ó kún fún ọgbọ́n. Ìgbà tí Atari wá mú ọ̀pá kan àti bọ́tìnnì kan ṣoṣo jáde ní 1977, ọ̀pá tó rọrùn yẹn ló gba ọkàn àwọn ènìyàn. Ohun tí ọwọ́ bá yára mọ̀ ni ọwọ́ máa ń fẹ́ràn.

Ní 1982, Gunpei Yokoi ti ilé iṣẹ́ Nintendo ní Jàpáánì fi bọ́tìnnì tó rí bí àgbélébùú rọ́pò ọ̀pá lórí géèmù kékeré kan tí ènìyàn lè fi sápò. Àtàǹpàkò kan lè wá darí ìrìn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní 1990, páàdì Super Famicom fi bọ́tìnnì mẹ́rin sí apá ọ̀tún, ó sì fi méjì sí èjìká fún ìka ìfábẹ̀lá. Ní 1996, Nintendo 64 mú ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń tì wá. Ní 1997, DualShock ti Sony mú ọ̀pá méjì pọ̀ mọ́ ìgbọ̀nrìrì. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ páàdì ṣì ń tẹ̀lé ìrísí yẹn.

Ọwọ́ òsì ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún ń yí: ẹ̀kọ́ kan láti Houston

Àwọn ará Houston ní àǹfààní kan tí àwọn ìlú mìíràn kò ní. Ní apá gúúsù ìlà-oòrùn ìlú, nítòsí Clear Lake, ni Johnson Space Center ti NASA wà. Ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ti ń gba ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ wọn kò fàyè gba páàdì burúkú.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀ Apollo tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá. Ohun ìdìmú méjì ni awakọ̀ ní. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ń sún ọkọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn: síwájú, sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́, sókè, sísàlẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ń yí ọkọ̀ lójú kan, kí imú rẹ̀ lè kọjú sí ibi tí awakọ̀ fẹ́. Ìlànà kan náà ni wọ́n ń lò fún Canadarm2, apá ẹ̀rọ gígùn tó ti wà lára ibùdó òfuurufú láti 2001. Apá náà gùn ju mítà 17 lọ. Ọwọ́ òsì ń sún un, ọwọ́ ọ̀tún ń yí i.

Nísinsìnyí, ẹ gbé páàdì ọmọ yín. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí ènìyàn ti ń rìn káàkiri, ọ̀pá òsì ló ń mú ẹni náà rìn, ọ̀pá ọ̀tún ló ń yí ojú rẹ̀ sí ibi tó fẹ́ wò. Ọmọ tó ń fò kiri nínú géèmù ní Sugar Land àti arìnrìn-àjò tó ń darí apá ẹ̀rọ lókè ayé ń pín iṣẹ́ fún ọwọ́ wọn lọ́nà kan náà.

Àwa Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Páàdì kò mọ òwe yẹn. Ọwọ́ òsì ló fi ń rìn lọ sílé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ na páàdì sí àgbàlagbà, ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi nà án. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí náà.

Ẹ̀kọ́ kejì láti ọ̀dọ̀ NASA ni pé ojú kì í wo ọwọ́. Ẹni tó ń darí Canadarm2 ń wo fèrèsé tàbí àwòrán kámẹ́rà. Kò ráyè wo ohun tó dì mú. Nítorí náà, ìrísí ohun ìdìmú méjèèjì yàtọ̀ síra, ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló ń mọ èyí tó mú. Awakọ̀ Apollo lè wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn pẹ̀lú; ohun ìdìmú náà gbọ́dọ̀ ṣeé mọ̀ láti inú ìbọ̀wọ́ yẹn.

Páàdì géèmù tó dára ń tẹ̀lé òfin kan náà. Páàdì GameCube tí Nintendo ṣe ní 2001 jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Bọ́tìnnì tí a ń lò jù tóbi, ó sì wà láàárín. Àwọn tó yí i ká kéré jù ú lọ, ìrísí wọn kò sì jọra. Àtàǹpàkò mọ ibi tó wà láìbi ojú léèrè. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Nintendo tún fi ṣe é jáde ní 2014 àti ní 2018, nígbà tí ẹ̀rọ GameCube fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí àtẹ tipẹ́.

Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ṣe pàtàkì débi pé àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà náà ń lò ó. Nínú ọkọ̀ abẹ́ omi USS Colorado, tó wọ iṣẹ́ ní 2018, páàdì Xbox ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà tó ń wo òkè omi. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ iṣẹ́ náà ti mọ̀ ọ́n lò láti ilé wọn.

Páàdì tó ń gbọ́ràn

Páàdì dà bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Ẹni rere ń jẹ́ iṣẹ́ náà kíá, kì í fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa yíyára. Ọ̀pọ̀ géèmù ń fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán kọ̀ọ̀kan kò lò ju nǹkan bí ìdá 17 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, tí iṣẹ́ náà pẹ́ kí ó tó dé, bọ́ọ̀lù ti kọjá lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù yín. Wáyà kì í jẹ́ kí ìró mìíràn nínú afẹ́fẹ́ dí i lọ́wọ́. Páàdì aláìníwáyà náà lè yára, pàápàá tí ẹ bá jókòó nítòsí tí ohun púpọ̀ kò sì dí àárín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá páàdì lẹ́bi, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń tún àwòrán ṣe kí wọ́n tó fi hàn, àtúnṣe yẹn sì ń gba àkókò. Ẹ wọ ibi ètò tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá èyí tí wọ́n pè ní "Game Mode", kí ẹ tàn án. Àwọn kan ti ra páàdì tuntun nígbà tí ohun kékeré yìí ì bá tó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àmì. Páàdì PlayStation ní òrùka kan àti àmì X. Ní Jàpáánì, òrùka ni "bẹ́ẹ̀ ni", X ni "rárá". Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe géèmù sọ X di "bẹ́ẹ̀ ni". Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmì kan náà ń sọ ohun méjì ní orílẹ̀-èdè méjì. Nígbà tí PlayStation 5 dé ní 2020, Sony mú kí X jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" níbi gbogbo, àwọn ará Jàpáánì sì ní láti tún ọwọ́ wọn kọ́. Ẹ rí i pé àmì dà bí èdè: ilé tí ènìyàn ti kọ́ ọ ló ń fún un ní ìtumọ̀.

Páàdì tó ń rìn láìrán

Ẹ ti lè rí i rí: ẹ kò fọwọ́ kan ọ̀pá, síbẹ̀ ẹni inú géèmù ń rọra rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe iwin. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń fà á.

Lábẹ́ ọ̀pá kékeré kọ̀ọ̀kan, ohun ìwọ̀n méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ẹlẹ́rọ ń pè ní potentiometer. Ọ̀kan ń wọn òsì sí ọ̀tún, èkejì ń wọn òkè sí ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ha ojú ọ̀nà kan tí wọ́n fi èédú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn. Bí ọ̀pá bá ṣe ń yí, agbára iná tó ń kọjá níbẹ̀ ń yí padà. Páàdì á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Lórí ọ̀pọ̀ páàdì, nọ́ńbà náà ń lọ láti 0 dé 255, àárín sì jẹ́ bíi 128.

Irin tó ń ha èédú ní gbogbo ọjọ́ á mú un jẹ díẹ̀díẹ̀. Eruku náà á wọlé. Nígbà tó bá yá, ọ̀pá á wà láàárín, ṣùgbọ́n nọ́ńbà á sọ pé 140. Géèmù á gbà pé ẹ ti ọ̀pá náà. Nítorí èyí ni géèmù fi máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín, níbi tí kò ti ní dáhùn. Bí ẹ bá mú àyè yẹn gbòòrò nínú ètò géèmù, páàdì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lè tún wúlò fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ẹ máa fi san án ni pé ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á nira.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1879, Edwin Hall ṣàwárí pé òòfà lè yí ọ̀nà iná mànàmáná padà nínú irin lọ́nà tó ṣeé wọ̀n. Àwọn páàdì kan ń lo ọgbọ́n yìí: òòfà wà lábẹ́ ọ̀pá, ohun ìwọ̀n wà nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í fara kan ara wọn. Ohun tí kò fara kan ara wọn kì í jẹ ara wọn. Páàdì Dreamcast ti Sega ti ń lo òòfà láti 1998. Tí ẹ bá rí "Hall effect" lára páálí, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Ẹ wo bátìrì náà. Páàdì Xbox sábà máa ń lo bátìrì AA méjì tí ẹ lè pààrọ̀ fúnra yín. Ti PlayStation 5 wà nínú rẹ̀, ẹ kàn ń fi wáyà gba iná sí i ni. Èyí tó wà nínú rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n tí ó bá gbó, ẹ ní láti tú páàdì. Bákan náà, àwa tí à ń gbé ní Houston gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú ọkọ̀ tí a ti pa ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń gbóná gan-an, ooru bẹ́ẹ̀ sì ń ba bátìrì jẹ́. Ẹ má fi páàdì sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìka kò dọ́gba, ọwọ́ náà kò dọ́gba

Gbogbo ohun tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí gbà pé ènìyàn ní ọwọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kò ní i. Ọmọ lè bí pẹ̀lú ọwọ́ kan. Àgbàlagbà lè ní àrùn rọpárọsẹ̀ tí apá kan kò fi gbọ́ràn mọ́. Ṣé géèmù ti parí fún wọn nìyẹn?

Rárá. Ní 2018, Microsoft gbé Xbox Adaptive Controller jáde. Kò rí bíi páàdì. Pátákó pẹlẹbẹ ni, pẹ̀lú bọ́tìnnì ńlá méjì tí ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́, ìgbọ̀nwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ihò 19 wà tí a lè ki wáyà bọ̀, ihò kọ̀ọ̀kan fún bọ́tìnnì kan. Ẹni tó bá lè mi orí nìkan á gbé bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ẹni tó bá lè mi ẹsẹ̀ á gbé e sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, Sony gbé tirẹ̀ jáde fún PlayStation 5, wọ́n pè é ní Access. Ó rí roboto, ẹ sì lè pààrọ̀ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ bí ó ti wù yín. Ní Houston, tí ẹnìkan nínú ẹbí bá ń gba ìtọ́jú ọwọ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ lè bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè irú ìfarasí tí ọwọ́ náà lè ṣe láìfara pa. Ìdáhùn yẹn ni ẹ máa fi yan bọ́tìnnì.

Ohun kan tún wà tí kì í ná owó púpọ̀. Láti 2017, Xbox ní ètò kan tó sọ páàdì méjì di ọ̀kan. Ẹni méjì á di páàdì mú, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń darí nínú géèmù. Ìyá àgbà lè máa ti ọ̀pá kí ẹni náà rìn, ọmọ-ọmọ á máa tẹ bọ́tìnnì tí ẹni náà fi ń fò. PlayStation 5 náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí òwe wa: ọmọdé ń gba ohun inú kèrègbè, àgbà ń gbé ohun orí pẹpẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra páàdì

Ẹ mú ẹni tó máa lò ó dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì ṣe ohun márùn-ún yìí:

1. Ẹ jẹ́ kí ó di páàdì mú, kí ó di ojú. Ẹ sọ pé kí ó fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì mẹ́rin tó wà lápá ọ̀tún. Bí ó bá rí wọn láìlajú, ó dára.
2. Ẹ jẹ́ kí ó fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ àwọn bọ́tìnnì ẹ̀yìn títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ní láti yí ọwọ́, ẹ wá òmíràn.
3. Ẹ jẹ́ kí ó gbé e sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìgbé ọwọ́ lé itan. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún.
4. Ẹ rí i dájú pé ó bá ẹ̀rọ tó wà nílé mu. Páàdì Xbox kì í bá PlayStation ṣiṣẹ́ lásán.
5. Ẹ wo iye tí ẹ máa ná tí ó bá bàjẹ́. Páàdì olówó gọbọi tí kò ṣeé tún ṣe lè má sàn ju ti owó díẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ lè lò nílé

Nítorí pé à ń kọ́ èdè, ẹ jẹ́ ká wo ohùn àwọn ọ̀rọ̀ kan. "Ọwọ́" ni èyí tó wà ní òpin apá. "Ọ̀wọ̀" ni ohun tí à ń fún àgbà. "Ọwọ̀" ni ohun tí a fi ń gbálẹ̀. "Ìka" wà lára ọwọ́, ṣùgbọ́n "ìkà" ni ẹni tó ń ṣe ibi. Ẹ má sọ fún ìyá àgbà pé ẹ fẹ́ràn "ìkà" rẹ̀.

"Tẹ̀" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò fún bọ́tìnnì. A máa ń sọ pé "tẹ bọ́tìnnì", àti "tẹ̀ ẹ́". Sí ẹgbẹ́ tàbí àbúrò, "tẹ̀ ẹ́" tó. Sí àgbà, "ẹ tẹ̀ ẹ́" ni. Ẹ ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí sókè:

Ọmọ: Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.
Ìyá àgbà: Ṣé báyìí?
Ọmọ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ fi àtàǹpàkò òsì yín rọra ti ọ̀pá yìí síwájú.
Ìyá àgbà: Háà, ó mà ń rìn o! Kí ni mo máa tẹ̀ kí ó tó fò?
Ọmọ: Ẹ má ṣe ìyọnu, mà. Èmi ni màá máa tẹ ìyẹn. Ẹ kàn máa mú un rìn.
Ìyá àgbà: Ó dáa, ọkọ mi. Má jẹ́ kí n jìn sí kòtò o.

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn, ọmọ ti lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ó ti dárúkọ ìka, ó ti sọ ìtọ́sọ́nà, ìyá àgbà sì ti gbọ́ ọ yé. Ìwé kíkà nìkan kì í tètè fún ọmọ ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá gbé páàdì sílẹ̀ tó ní òun kò mọ̀ ọ́n gbá, tàbí tí àgbà kan bá ní tòun ti kọjá, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó dì mú, kí ẹ wá bi í léèrè ní Yorùbá pé: "Ìka wo ni kò dé ibẹ̀?"